Ta ló ṣí ilẹ̀kùn fún fóònù mi? Bí mo ṣe yẹ firewall Fedora mi wò

Mo fi KDE Connect sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kí n lè máa fi fọ́tò ránṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n rí ara wọn lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rántí pé port (ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ètò ń gbà bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) 1714 títí dé 1764 ni KDE Connect ń lò, n kò sì ṣí ìkankan nínú wọn rí. Ta ló wá ṣí i?

Fedora Workstation, irú Linux kan, ni mò ń lò, firewalld, ìyẹn firewall rẹ̀ (ètò tó ń pinnu ohun tó lè wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ló sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Mo ṣí terminal (ojú ewé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), mo tẹ `sudo firewall-cmd --state`. Ó dáhùn pé running. Kò sùn, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló gba fóònù náà wọlé.

Firewalld pín òfin rẹ̀ sí ìsọ̀rí tó ń pè ní zone: public, home, work àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Trusted ń gba gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Drop kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn rárá. Block náà kì í gbani wọlé, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún ẹni tó kàn pé kò sí àyè. Ibi tí mo ti ṣìnà rèé: mo tẹ `sudo firewall-cmd --zone=public --list-all`, mo rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta péré, ssh, mdns àti dhcpv6-client, ló gbà láàyè níbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Wi-Fi mi kò sí nínú public! `firewall-cmd --get-active-zones` ló fi ibi tó wà hàn mí: FedoraWorkstation. Ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, torí òfin zone tí Wi-Fi yín kò sí nínú rẹ̀ kò kàn yín.

Mo wá wo inú FedoraWorkstation. 1025-65535/tcp, 1025-65535/udp (tcp àti udp jẹ́ ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn). Mo tún un kà. Láti 1025 títí dé port tó kẹ́yìn pátápátá, gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ètò lè máa ṣiṣẹ́ láìyọ ènìyàn lẹ́nu, mo gbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀.

Port tó ṣí kò tíì ṣe nǹkan kan bí kò bá sí ètò tó ń tẹ́tí lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni mo fi tẹ `sudo ss -tulpn`, tó ń to àwọn ètò tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 127.0.0.1, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ. Èyí tó bá jẹ́ 0.0.0.0 tàbí [::] ni kí ẹ fojú sí, torí ó ń tẹ́tí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Mo rí 0.0.0.0:8000, python3 ló ni ín. Àyà mi já. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo fi `python3 -m http.server` gbé fáìlì kan, inú Documents ni mo ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi gbogbo fáìlì ibẹ̀ han ẹni tó bá kàn sí port náà, n kò sì pa á. Mo sì ti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ lo Wi-Fi ìta láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn! Mo pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ti Wi-Fi ilé, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti ìta ni mo yí padà:

`nmcli connection modify "orúkọ Wi-Fi" connection.zone public`

Ara ìsopọ̀ yẹn ni NetworkManager (ètò tó ń bójú tó Wi-Fi, tí nmcli ń bá sọ̀rọ̀) kọ ọ́ sí, nítorí náà kò ní parẹ́ bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà padà. Èyí tí ẹ bá fi firewall-cmd yí láìfi `--permanent` kún un ló máa ń parẹ́.

Nígbà tí mo padà sídìí Wi-Fi ìta náà, mo tún tẹ `--get-active-zones`: public. Fóònù mi wá kọ̀ǹpútà títí, kò rí i.