Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Kó Kúrò ní World of Warcraft Wá sí Final Fantasy XIV

Gẹ́ẹ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni World of Warcraft àti Final Fantasy XIV. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí World of Warcraft máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú Final Fantasy XIV ju ẹni tí kò gbá irú gẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀ rí lọ. Aláìmọ̀kan máa ń fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ẹni tó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n á kàn máa tẹ bọ́tìnì kọjá ni. Ojú gẹ́ẹ̀mù méjèèjì ló jọra: tank tó ń gba ìyà fún ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, healer tó ń wo ẹgbẹ́ sàn wà níbẹ̀, dungeon tí ẹgbẹ́ ń wọ̀ lọ jà wà níbẹ̀. Inú wọn ò jọra rárá.

Ẹ má tíì sanwó

Àyè ọ̀fẹ́ tó wà nínú Final Fantasy XIV kì í tán lọ́jọ́. Ẹ lè gbá a títí dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 70, pẹ̀lú gbogbo ìtàn A Realm Reborn, tó jẹ́ gẹ́ẹ̀mù náà fúnra rẹ̀, àti àfikún méjì àkọ́kọ́, Heavensward àti Stormblood. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ fa wàhálà ni pé wọ́n á rò pé ọ̀fẹ́ ò lè dára, wọ́n á ra gẹ́ẹ̀mù náà lọ́jọ́ kejì. Àkáǹtì tó bá sì ti di ti olówó kò lè padà di ọ̀fẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá tán, ilẹ̀kùn tì nìyẹn, ì báà jẹ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì 20 lẹ ṣì wà.

Òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ní ìdè tirẹ̀. Gil, ìyẹn owó inú gẹ́ẹ̀mù, tẹ́ ẹ lè kó jọ ò lè kọjá 300,000, ẹ ò lè rajà tàbí tajà lórí market board, ìyẹn ọjà àwọn tó ń gbá gẹ́ẹ̀mù, ẹ ò lè wọ free company, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá wọn, ẹ ò sì lè dá ẹgbẹ́ ìjà sílẹ̀ fúnra yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ yín wọ dungeon, òun ni kó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kó fà yín wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kò sí èyí tó nira nínú gbogbo ìyẹn.

Nígbà tó bá wá tó àkókò àtisanwó, ẹ kíyè sí ibi tẹ́ ẹ ti ń rà á. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ra Starter Edition lórí Steam, Steam náà ló gbọ́dọ̀ ti ra àfikún tó bá kù. Èyí tó bá rà ní ilé ìtajà Square Enix, iléeṣẹ́ tó ṣe gẹ́ẹ̀mù náà, ò ní wọ àkáǹtì yẹn, bí owó ti ibẹ̀ tiẹ̀ kéré. Àwọn mìíràn sì máa ń ra àfikún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sídìí fún un. A Realm Reborn, Heavensward àti Stormblood ti wà nínú Starter Edition, Dawntrail sì ti kó Shadowbringers àti Endwalker dání. Ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kan Dawntrail títí ẹ máa fi parí ìtàn Stormblood.

Kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀dá yín sílẹ̀, ìyẹn ẹni tẹ́ ẹ máa fi gbá gẹ́ẹ̀mù náà, ẹ béèrè data center, ìyẹn àkójọ sáfà, tí àwọn ọ̀rẹ́ yín wà. Orí data center ni gẹ́ẹ̀mù ti ń wá àwọn tí yóò bá yín wọ dungeon, owó ni wọ́n sì máa gbà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kó ilé lọ sí òmíràn.

Ẹ má sáré lọ sí lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó ga jù

Èyí ló ń lé èèyàn kúrò jù. Ní World of Warcraft, ìgbà téèyàn bá dé òkè pátápátá ni wọ́n máa ń sọ pé eré bẹ̀rẹ̀. Níbí, ìtàn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ lè pa ẹranko títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín á fi kọjá 50, ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá parí ìtàn A Realm Reborn, ẹ ò ní wọ ìlú Heavensward. Chocobo, ẹyẹ ńlá tẹ́ ẹ máa gùn, náà ò sí fún títà lásán: ìtàn gbọ́dọ̀ gbé yín dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 20, kẹ́ ẹ wọ ọ̀kan nínú àwọn Grand Company mẹ́ta, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun inú ìtàn, kẹ́ ẹ sì fi company seal 200, tó jẹ́ owó wọn, san án. Dungeon àkọ́kọ́, Sastasha, tó jẹ́ ti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 15, ìtàn ló ń ṣí òun náà.

Nítorí náà, ẹ máa tẹ̀ lé MSQ, ìyẹn iṣẹ́ ìtàn tí gẹ́ẹ̀mù máa ń kọ sí igun òkè lápá òsì nígbà gbogbo. Àwọn iṣẹ́ aláwọ̀ wúrà lásán tó kún ojú ọ̀nà, ẹ lè fi sílẹ̀. Èrè wọn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo aláwọ̀ búlúù tó ní àmì àròpọ̀ lára, torí àwọn yẹn ló ń ṣí nǹkan tuntun: dungeon, job (ìyẹn irú iṣẹ́ ìjà tí ẹ̀dá yín ń ṣe), ọgbọ́n yíyí aṣọ padà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti gba gbogbo iṣẹ́ tó bá rí, A Realm Reborn á sú u kó tó dé ìdajì.

Wọ́n ń ta ohun tó ń gbé èèyàn fo ìtàn, wọ́n sì ń ta èyí tó ń gbé job sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá rà á á bá ara rẹ̀ láàárín ìtàn tí kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlà bọ́tìnì tí kò tíì tẹ̀ rí. Àwọn mẹ́ta yòókù nínú dungeon ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ̀dá kan ṣoṣo tó

Bí ọwọ́ bá ti yá, ọmọ World of Warcraft á dá ẹ̀dá kejì sílẹ̀ torí ó fẹ́ ṣe healer. Kò nílò ẹ̀. Ẹ̀dá kan lè kọ́ gbogbo job tó wà níbẹ̀. Class ni job kó tó dàgbà. Ẹ parí iṣẹ́ class yín ti lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10, kẹ́ ẹ lọ sí guild class tó wù yín, wọ́n á fún yín ní ohun ìjà rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ohun ìjà yẹn dání, class yín ti yí padà nìyẹn. Fún ìdí yìí, ẹ má ta ohun ìjà àtijọ́ títí ẹ fi ní òmíràn tó dára jù ú lọ. Ẹ tún fi aṣọ job kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí Gear Set tirẹ̀, kó lè jẹ́ títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fi yí i.

Ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 30, class máa ń di job. Ẹ máa gba òkúta kékeré kan tó ń jẹ́ soul crystal. Kì í wọ ara fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fi wọ̀. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀ sínú àpò á dé dungeon lẹ́fẹ́ẹ̀lì 40 pẹ̀lú orúkọ class àtijọ́, gbogbo skill tí job ń fúnni ò sì ní sí lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn àgbà nínú gẹ́ẹ̀mù máa ń rí i kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjà: ibi tí ọwọ́ àtijọ́ ti ń pani

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn ń sọ ni pé ìjà lọ́ra. Ìṣẹ́jú àáyá 2.5 ló wà láàárín skill kan àti èkejì, nígbà tó jẹ́ 1.5 ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ ní World of Warcraft. Àlàfo yẹn kò ṣófo lásán. Àwọn skill kan wà tí kò sí lábẹ́ iye yẹn, inú àlàfo náà ni wọ́n ń bọ́ sí, méjì ló sì ń gbà. Tẹ́ ẹ bá ki ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́, skill ńlá tó kàn á pẹ́, gbogbo ìjà yín á sì máa fà sẹ́yìn. Ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré, skill báyìí ò pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ẹ kàn dúró. Kò sì sídìí láti máa gbá bọ́tìnì léraléra: tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó ṣetán, gẹ́ẹ̀mù á mú un dání, á sì jù ú lásìkò.

Èyí tó ń yani lẹ́nu jù ni àmì aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn sílẹ̀. Ẹ rí i, ẹ sá jáde, ẹ ti jìnnà dáadáa, òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń já bọ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ sílẹ̀. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ìṣẹ́jú tí àmì náà pòórá ni gẹ́ẹ̀mù ti ka ẹni tó wà nínú rẹ̀. Òkúta tó ń já bọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán lásán ni. Nítorí náà, ẹ jáde kí àmì tó pa, ẹ má dúró de òkúta. Apá kejì rẹ̀ sì dùn: bí àmì bá ti pòórá báyìí, ẹ lè padà wọlé lọ máa lu ọ̀tá láàárín iná yẹn, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Bákan náà ló rí fún ẹni tó ń fi idán jà. Nígbà tí ìlà idán bá ku díẹ̀ kó kún, ẹ ti lè máa rìn lọ, idán náà á ṣì jáde.

Fún tank, àṣìṣe kan ló ju gbogbo yòókù lọ. Ní World of Warcraft, tẹ́ ẹ bá ti yan spec tank, ọ̀tá á máa dojú kọ yín. Níbí, ẹ gbọ́dọ̀ tan stance, ìyẹn skill tó ń mú kí ọ̀tá dojú kọ tank, fúnra yín: Iron Will ni ti Gladiator, Defiance ni ti Marauder, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10 làwọn méjèèjì ti ń ṣí. Tẹ́ ẹ bá yí job padà, á kú. Ẹ wo àmì rẹ̀ lẹ́bàá orúkọ yín kẹ́ ẹ tó ju ohunkóhun. Tí kò bá sí níbẹ̀, healer ni ọ̀tá máa lé. Ẹ má sì kó gbogbo skill ààbò jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rampart ń gé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kì í sì padà títí 90 á fi pé. Ẹ lo ọ̀kan, kó tán, kẹ́ ẹ tó lo èkejì.

Healer tó dúró máa wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lásán ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Mẹ́rin lèèyàn tó ń wọ dungeon níbí, kì í ṣe márùn-ún: tank kan, healer kan, DPS méjì, ìyẹn àwọn tí lílu ọ̀tá jẹ́ iṣẹ́ wọn. Tí healer ò bá lu ọ̀tá, ẹnì kan nínú mẹ́rin kò jà, ìjà á gùn, ẹ̀jẹ̀ á sì túbọ̀ máa lọ. Nígbà tí ara gbogbo wọn bá yá, ẹ ju Stone, idán ìjà ti Conjurer tó jẹ́ class healer.

DPS tó ń jà nítòsí, ẹ wo òrùka tó yí ọ̀tá ká nílẹ̀. Ibi tó ṣí sílẹ̀ lára rẹ̀ ni ẹ̀yìn. Àwọn skill kan ń dùn jù láti ẹ̀yìn, àwọn kan láti ẹ̀gbẹ́. Ó wà nínú àlàyé skill, ẹ kà á. Ẹ tẹ̀ lé ètò combo náà, torí skill kejì tí kò bá tẹ̀ lé àkọ́kọ́ á kàn lu bí ọmọdé ni.

Addon àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Addon, ìyẹn irinṣẹ́ tí àwọn ará ìta ń ṣe mọ́ gẹ́ẹ̀mù, tó kún World of Warcraft, Blizzard tó ṣe é ló fàyè gbà á. Square Enix ò gbà á rárá. Òfin wọn ka irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹ má sì kọ sí chat pé ẹnì kan ń lu ọ̀tá níye báyìí. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ẹ ń lo ohun tí kò yẹ, ẹni tẹ́ ẹ bá fi dójú tì sì lè fẹjọ́ yín sùn. Ọ̀pọ̀ àkáǹtì ni wọ́n ti gbé tì síta nítorí ẹnu.

Aṣọ àti owó

Ẹ má náwó lórí aṣọ kẹ́ ẹ tó dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 50. Ohun tí dungeon àti ìtàn ń fún yín ti tó. Ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 15, ẹ bá alágbẹ̀dẹ tó wà níbi àwọn adventurer sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wọ Hall of the Novice. Ó ń kọ́ni ní nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n òrùka tó wà nínú èrè rẹ̀ ló dára jù, torí ó ń fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìrírí yín títí dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 30. Ní 50, tomestone Poetics, irú owó kan tí ìjà ń fúnni, ni kẹ́ ẹ máa kó jọ. Ẹ gbé e lọ sí Revenant's Toll ní Mor Dhona, kẹ́ ẹ fi ra aṣọ Augmented Ironworks. Tó bá pé 2,000, kò ní wọlé mọ́, gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá tún jà fún á ṣòfò, nítorí náà ẹ ná an kó tó dé ibẹ̀.