Aṣojú orí kọ̀ǹpútà tí ó fi àṣìṣe mi hàn mí

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì 70 ni ó jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìsọ̀ mi ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn, nínú oṣù kejì ọdún yìí, kò sì sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi bí kò ṣe ara mi. Ọjà yá fún ọ̀sẹ̀ kan, mo pe alájàpá tí ó ń bá mi ra tòmátì ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò. Ọkọ̀ pẹ́, mo tún pè é. Ọjọ́ kan náà ni ẹrù méjèèjì wọlé.

Àbúrò mi tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó mú NetLogo wá, ètò ọ̀fẹ́ tí Uri Wilensky gbé jáde ní 1999, tí ènìyàn fi lè dá àwọn aṣojú kéékèèké sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí olúkúlùkù wọn yóò máa pinnu ohun tí yóò ṣe láti inú ìwọ̀nba ohun tí ó rí. A dá àgbẹ̀, alájàpá, awakọ̀, àwọn alágbàtà àti èmi fúnra mi. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é.

Aṣojú tí ó dúró fún mi ni ó jẹ mí níyà. Alẹ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jókòó tì í, tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, tí mo ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí tòmátì tí kò ṣeé sè. Bí ọjà bá yá díẹ̀ báyìí, yóò béèrè apẹ̀rẹ̀ 60, yóò tún béèrè 60 lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Ìsọ̀ yóò kún dé 300, yóò gbẹ táútáú, yóò sì tún kún. Mo yí owó ọjà padà, mo yí àgbẹ̀ padà, mo sì fẹ̀sùn kan àbúrò mi pé ó ṣi nǹkan kọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ ní kó ṣe náà ló ń ṣe,” ni ó wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú àwo ẹ̀bà rẹ̀.

Òótọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú ìsọ̀ nìkan ni mo ní kí ó máa kà. Kò ka èyí tí ó ti béèrè tẹ́lẹ̀, tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà láàárín Mokwa sí Jẹ́bà. Èmi gan-an nìyẹn ní oṣù kejì. Ohun tí ó tún bí mi nínú ni pé àṣìṣe náà ti gbó: ní 1989 ni John Sterman ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí eré òwò bíà, eré tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe bí oníṣòwò bíà tí ń béèrè ọjà lọ́wọ́ ara wọn, níbi tí àwọn olùkópa ti ń gbàgbé ọjà tí wọ́n ti béèrè tí kò tíì dé.

Ìlà kan ṣoṣo ni àtúnṣe rẹ̀: kí ó ro ti ìsọ̀ pọ̀ mọ́ ti ojú ọ̀nà. Ìsọ̀ kò kọjá 90 mọ́. Mo pariwo débi pé mo jí àwọn ará ilé.

Láàárọ̀ báyìí, mo máa ń kọ iye tí mo tà àti iye tí ó wà lójú ọ̀nà sí i, yóò sì sọ iye tí ó yẹ kí n rà. N kò gbà kí ó pe alájàpá fúnra rẹ̀. Bí mo bá tún un bẹ̀rẹ̀, ìwé ẹrù ojú ọ̀nà ni n óò kọ́kọ́ ṣí, n kò sì ní fún awakọ̀ ní ọjọ́ 3 géérégé, nítorí pé ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ kò mọ ọjọ́ 3.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, ó ní kí n ra apẹ̀rẹ̀ 22. Mo ra 30. Mẹ́jọ tí ó lé náà ni ìyàwó mi ń gé sá sí orí páànù lẹ́yìnkùlé.