Ọ̀rọ̀ lásán ni fọ́ọ̀mù ń fi ránṣẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí converter

Ohun yòówù kí èèyàn tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ì báà ṣe owó, ì báà ṣe déètì, ọ̀rọ̀ lásán ló ń dé ọ̀dọ̀ sáfà. Converter, ìyẹn apá ètò tó ń yí ọ̀rọ̀ padà, ló ń sọ ọ́ di nọ́ńbà tàbí déètì. Ká ní ẹ ń ṣe fọ́ọ̀mù fún ìyá aláṣọ kan ní ọjà Atakúnmọ́sà, Iléṣà, tó fẹ́ máa kọ orúkọ ẹni tó ràwìn, iye tó jẹ àti ọjọ́ tí yóò san án.

Ẹ má gbé owó lé parseInt ti JavaScript lọ́wọ́. Bí ìyá bá tẹ "12,500" bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́, parseInt á ka 12, á dúró síbi kọ́mà, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ààbọ̀ ti di náírà méjìlá nìyẹn. int ti Python sàn díẹ̀, òun á kọ̀ jálẹ̀. Ẹ yọ kọ́mà àti ₦ kúrò kí ẹ tó yí i, Decimal, irú nọ́ńbà tó ń ka owó láìṣì, sì ni kí ẹ lò, ẹ fi float, tó lè ṣì í díẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdá, sílẹ̀.

Ti déètì ló burú jù. Bí ẹ bá lo Django, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, bó ṣe wá, oṣù ló ń kà ṣáájú ọjọ́, bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. 03/04/2025, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lójú ìyá, á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ẹni tó bá mọ òṣómàáló mọ ohun tí kí wọ́n ká onígbèsè mọ́lé ní oṣù kan ṣáájú àdéhùn lè dá sílẹ̀! 25/04/2025 ní tirẹ̀ kò ní wọlé rárá, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá á sì rò pé fóònù òun ló bàjẹ́. Ẹ kọ '%d/%m/%Y' (ọjọ́, oṣù, ọdún) sínú input_formats ti ààyè déètì náà, tàbí kí ẹ lo type="date" nínú HTML, tó máa ń fi 2025-04-03 ránṣẹ́ bó ti wù kó hàn lójú fóònù.

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe nọ́ńbà: bí int bá ti kàn án, òdo iwájú ti lọ. Checkbox tí wọn ò tẹ̀ kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́. Nínú Python, bool("False"), True ni, torí ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣófo, True ni lójú rẹ̀.

Nínú Flask, irinṣẹ́ ìkànnì Python mìíràn, ẹ ṣọ́ra fún type=int pẹ̀lú default=0 nígbà tí ẹ bá ń gba iye láti inú fọ́ọ̀mù. Iye tí kò bá ṣeé kà á kàn di òdo wẹ́rẹ́, onígbèsè á sì máa dúpẹ́. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wá, ẹ yí i fúnra yín nínú try, tí Python fi ń mú àṣìṣe, bó bá kọ̀, ẹ dá fọ́ọ̀mù padà fún ìyá pẹ̀lú ohun tó tẹ̀ gan-an nínú rẹ̀.