Òrùlé Ọkọ̀ Tó Ń Jò: Bí Mo Ṣe Fi Fáíbà Tún Un Ṣe ní Ṣágámù

Ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń wọlé. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn bí òrùlé ọkọ̀ bá ń jò. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ni mo tún ṣe, ọkọ̀ gàgàrà tó ní ibùsùn, sítóòfù àti balùwẹ̀ nínú, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rìnrìn àjò. Jámánì ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ti lé ní ọdún 30. Orí ibùsùn lomi ń kán sí, àmọ́ iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kékeré orí òrùlé, ni fáíbà (ike líle tí wọ́n fi òwú gíláàsì àti rẹ́sìnì ṣe) ti sán. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, á máa yọ́ rìn lórí pákó abẹ́ fáíbà, ó di ẹ̀yìn kó tó jábọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ti fi silíkóònù, gọ́ọ̀mù tó dà bíi rọ́bà, rẹ́ ojú sísán náà. Ó dùn mí, torí kò sí rẹ́sìnì (oje kẹ́míkà tó ń dì le) tàbí ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ silíkóònù. Abẹ ni mo fi họ ọ́ kúrò, mo wá fi acetone, omi kẹ́míkà tó ń fọ ìdọ̀tí ọlọ́ràá, nu ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìdí sukudiráfà, mo ń fi kan òrùlé láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tó ṣì le ń dún kó-kó. Ibi tí fáíbà ti ṣí kúrò lára pákó ń dún bọ̀-bọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, mo gé e. Pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Mo fìka tẹ̀ ẹ́, omi sun jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o ò kàn ní da rẹ́sìnì lé e ká máa lọ?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá mi, ohun tó tutù ò ní gbà á. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ la ṣe é. Lásìkò òjò ní Rẹ́mọ, pákó kì í gbẹ dénú. A yọ gbogbo èyí tó ti rà, a fi tapólì bo òkè, a jẹ́ kí atẹ́gùn ọyẹ́ máa fẹ́ sí ojú ihò náà dáadáa ká tó fi pákó tuntun dí i.

Lílọ etí fáíbà náà kó lè fẹ́lẹ́ ló kàn, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Rẹ́sìnì tuntun kì í yọ́ wọnú fáíbà tó ti gbẹ tipẹ́. Ojú tó bá rí ṣákiṣàki ló ń rí dì mú. Fáíbà yìí nípọn tó mílímítà 3, mo sì lọ etí rẹ̀ sẹ́yìn tó mílímítà 36, ìyẹn ìlọ́po 12, kó máa fẹ́lẹ́ lọ títí dé ẹnu ihò. Ẹ wọ ìbòmú àti aṣọ alápá gígùn o. Eruku fáíbà ń yún ni, kò sì dáa kó wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọjọ́ta l'Ékòó ni mo ti ra rẹ́sìnì, pẹ̀lú cobalt àti catalyst, kẹ́míkà méjì tó ń mú kí rẹ́sìnì dì. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe da cobalt àti catalyst lura láéláé, ó lè gbiná, ó lè bú gbàmù. Cobalt lẹ ó kọ́kọ́ rò mọ́ rẹ́sìnì. Ó dìgbà tó bá pò tán kí catalyst tó wọlé, ìwọ̀n 1 sí 2 nínú 100. Oòrùn wa le, nítorí náà mi ò jìnnà sí 1, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń pò ó, láàárọ̀ kùtù. Bí abọ́ bá ti ń gbóná lọ́wọ́ yín, tí rẹ́sìnì ń dì bí ẹ̀kọ, ẹ gbé e sílẹ̀, kò wúlò mọ́.

Máàtì, ìyẹn aṣọ òwú gíláàsì, oníwọ̀n gíráàmù 450 fún mítà kan níbùú lóròó, ni mo tẹ́ ní ìpele mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń nípọn tó mílímítà 1. Funfun ni, àmọ́ tó bá ti mu rẹ́sìnì yó, funfun yẹn á pòórá, ẹ ó sì máa rí ìlà ara pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Rólà ni mo fi ń tì í jáde títí gbogbo rẹ̀ fi mọ́ gaara.

Gelcoat funfun (rẹ́sìnì aláwọ̀ tí wọ́n fi ń bo ojú fáíbà) tó ní ìda nínú ni mo fi bò ó. Láìsí ìda yẹn, ojú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Láìsí gelcoat, oòrùn á jẹ rẹ́sìnì. Mo tẹ́ butyl tape, téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, sábẹ́ fèrèsé kí n tó de sukúrúù rẹ̀.

A fi ọ́ọ̀sì da omi sí i, kò jò. Síbẹ̀ mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má tíì kan àjà inú ọkọ̀ padà. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí mo gun inú rẹ̀, tí mo fọwọ́ pa pákó yẹn láti iwájú dé orí ibùsùn tó gbẹ, la tó pe káfíńtà.