Bí a ṣe ń mọ ohun tó ń fa etí ríro, àti ìgbà tó yẹ ká gba ilé ìwòsàn lọ

Etí tó bá ń ro ní òru kì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń yá láti da nǹkan sí i: epo gbígbóná, omi ewé, omi ọmú, omi ààyù. Ẹ dáwọ́ dúró ná. Bí ìlù etí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó wà ní òpin ihò etí, bá ti ya, ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i, inú lọ́hùn-ún ló ń wọ̀. Bí kò bá sì tíì ya, ohun tí ẹ dà yóò bo ojú ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì rí. Kí ẹ tó fún un ní oògùn kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìrora náà ti ń bọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ wò ó

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ di òkè etí náà mú, ẹ rọra fà á sókè, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan tẹ kókó kékeré tó wà níwájú ihò etí, ní apá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹni náà bá ké nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ẹ fà á, ihò etí ló sábà máa ń ní ọgbẹ́. Bí kò bá dùn ún, tó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló ti ń ro ó, tí ọ̀fìnkìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, ẹ̀yìn ìlù etí ni kí ẹ fura sí.

Ẹ má gbàgbé eegun ẹ̀yìn etí. Ẹ dúró sẹ́yìn ẹni náà, ẹ wo etí méjèèjì pọ̀, ẹ sì tẹ eegun náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí apá kan bá wú, tó pọ́n, tí ó ń dùn ún, tàbí tí etí ọ̀hún yọ síwájú ju èkejì lọ, àrùn ti wọ eegun nìyẹn. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Nígbà tó bá jẹ́ ihò etí

Àwọn tó ń wẹ̀ nínú ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) tàbí nínú odò Ọ̀pàrà lápá Ṣábẹ̀ẹ́ mọ irú èyí. Omi tó dúró sínú etí máa ń rọ awọ ibẹ̀. Ẹ̀yún á bẹ̀rẹ̀, onítọ̀hún á wá ohun tí yóò fi ro etí: ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná, ìdérí bíìkì, coton-tige (igi tínrín tí òwú wà ní ṣóńṣó rẹ̀). Ibi tí nǹkan náà bá họ ni kòkòrò àrùn máa ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ihò etí á wú, kódà jíjẹ oúnjẹ lásán á máa dùn ún.

Ìdọ̀tí etí tí à ń sá láti yọ yìí gan-an ló ń ṣọ́ awọ náà, tí kì í jẹ́ kí omi àti kòkòrò ráyè. Coton-tige kì í sì yọ ọ́ tán; ṣe ló ń tì í sínú. Bí ó bá dí etí pa, ẹni náà kò ní gbọ́ràn dáadáa, pàápàá lẹ́yìn ìwẹ̀, nítorí pé omi ń mú un wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn.

Oògùn tí wọ́n ń kán sí etí ló máa ń wo ọgbẹ́ ihò etí sàn, àmọ́ ẹni tó bá ti wo inú etí ni kó yàn án. Àwọn oògùn kan, irú èyí tó ní gentamicin tàbí neomycin, lè ba ìgbọ́ràn jẹ́ bí ìlù etí bá ti ya. Títí tí yóò fi san, omi kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́: bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ fi Vaseline pa òwú, kí ẹ fi dí ẹnu ihò náà, kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀. Alátọ̀gbẹ tí ihò etí rẹ̀ ń ro ó gan-an kò gbọdọ̀ tọ́jú ara rẹ̀ nílé rárá, nítorí àrùn yìí lè jẹ wọ eegun orí lára irú wọn.

Nígbà tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlù etí

Ọmọdé ló pọ̀ jù níbí, pàápàá láti oṣù 6 sí ọdún 2. Ọ̀nà tóóró kan so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ bíi ti àgbà, nítorí náà ọ̀fìnkìn tètè ń dí i. Omi á dúró lẹ́yìn ìlù etí, á di ọyún, á sì máa ti ìlù náà. Ọmọ á máa fa etí, á máa ké bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á mú ọmú díẹ̀ á tú u dà, nítorí pé mímu ń fa etí náà. Ara rẹ̀ lè gbóná. Ẹ má sáré sọ pé eyín ló ń hù.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ nìyí: ọmọ tó ké láti ìrọ̀lẹ́ lè dákẹ́ lójijì ní òwúrọ̀, kí ọyún sì wà lórí ìrọ̀rí. Ìlù etí ló ya, ọyún ráyè jáde, ìrora sì dẹ̀. Àrùn ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí etí bá ń ṣe ọyún, bí a ṣe ń gbẹ ẹ́ rè é. Ẹ gé aṣọ òwú funfun tó mọ́, tó sì rọ̀, ẹ lọ́ ọ bí òwú fìtílà. Ẹ rọra ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ ihò etí, ẹ jẹ́ kó fa ọyún mu, kí ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ mú òmíràn, títí èyí tí ẹ yọ yóò fi gbẹ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má fi aṣọ tàbí òwú sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọyún tó bá pé ọjọ́ 14 ti di àìsàn tó ti pẹ́, ó sì lè gba ìgbọ́ràn lọ́wọ́ ọmọ.

Nígbà tí kò bá ti etí wá

Eyín tó ti jẹrà, bèlúbèlú àti oríkèé párì lè ro títí dé etí. Ẹ jẹ́ kó la ẹnu, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Àgbàlagbà tí etí kan ń ro fún ọ̀sẹ̀ 3, tí etí náà kò ní àbùkù, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun tàbí tí kókó wà lọ́rùn rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò.

Bí nǹkan bá wọ etí, tàbí tí wọ́n gbá a létí

Bí kòkòrò bá ń rìn nínú rẹ̀, tí etí náà kò sì ní àìsàn tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ da òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí i, kí kòkòrò náà kú, kí ẹ wá lọ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má da omi sí etí tí ẹ̀wà tàbí àgbàdo wọ̀. Yóò wú mọ́ ibẹ̀. Bátìrì kékeré ti aago ń jó ẹran láàárín wákàtí díẹ̀: ẹ má da nǹkan kan sí i, ẹ máa lọ kíákíá. Ìgbátí lè fi afẹ́fẹ́ ya ìlù etí. Ó sábà máa ń dí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí omi kò bá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n wò ó.

Ohun tí ẹ lè fún un

Paracetamol ni. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí 6 síra, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ ní wákàtí 24. Ọmọ kílò 10 yóò gba mílígíráàmù 150. Sírópù kò rí bákan náà: bí ìgò bá kọ 150 sí mílílítà 5, mílílítà 5 ni, bí ó bá kọ 120, mílílítà 6 tó o. Ẹ ra á ní fáámásì, kì í ṣe lórí tábìlì lójú pópó. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3, ẹ gbé e lọ kẹ́ ẹ tó fún un ní ohunkóhun.

Ẹ lọ lónìí, kódà bó jẹ́ òru, bí ẹ̀yìn etí bá wú, bí ọrùn bá le, bí ojú tàbí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bó bá ń bì ṣáá, bí etí bá di lójijì, tàbí tí ọmọ kò bá jí dáadáa. Ọmọ tí kò tó oṣù 6 náà kò gbọdọ̀ dúró. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọ̀nyí, tí ìrora kò sì dẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 2, ẹ lọ.

Ilé ìwòsàn àdúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀, wọ́n lè fi ará Kétu ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹkùn ní Pobè, kí ará Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí ti ìlú rẹ̀. Bó bá gba dókítà etí, èyí tí wọ́n ń pè ní ORL, wọ́n á darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ẹ mú carnet ọmọ, ìyẹn ìwé ìlera rẹ̀, dání. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti dà sí etí náà, ẹ má tijú. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ oògùn láì fi iná wo inú etí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó. Bí wọ́n bá fún un ní amoxicilline, kó lò ó pé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ, kódà bí ìrora bá ti lọ lọ́jọ́ kejì. Bí ara bá ṣì ń gbóná lọ́jọ́ kẹta, ẹ padà lọ. Ẹ má dúró kí oògùn tán.