Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Warhammer, ẹ yé fowó ṣòfò báyìí

Àtìgbà tí mo ti gba ipò kìíní nínú ìdíje Warhammer 40,000 kan níbí ní England (eré orí tábìlì ni, ọmọ ogun kéékèèké àti dáìsì la fi ń jagun), ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, ogun wo ni kí n rà?" Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ iye tó fẹ́ bá a lọ.

1. Ríra ogun tó ń borí lọ́wọ́. Ibí lowó ń gbà lọ jù. Ẹ rí i pé ẹnì kan fi ogun kan gba ife lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sáré lọ ra 2,000 póìntì rẹ̀ (ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ní iye póìntì tiẹ̀, àpapọ̀ wọn ò sì gbọdọ̀ ju 2,000 lọ), ẹ ń gé e, ẹ ń lẹ̀ ẹ́, ẹ ń fòru kùn ún, kẹ́ ẹ tó parí, àwọn tó ni géèmù ti yí póìntì padà, ogun yẹn ò wọ inú 2,000 mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní 2023 tí ẹ̀dà kẹwàá jáde, ogun Aeldari ń fọ́ gbogbo èèyàn bí ìkòkò, lèmi náà bá lọ ra Wraithknight méjì, òmìrán ogun wọn, ọ̀dà apá ìkejì ò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbé póìntì ẹ̀ sókè. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n wà dòní. Ogun Orks mi àtijọ́ tí mo ti fi ṣeré fọ́dún mẹ́rin, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń rìn láìwo ìwé, àwọn ni mo fi gba ife.

2. Pípa ṣáá. Àmì orí tábìlì ni kẹ́ ẹ dúró lé, ibẹ̀ ni máàkì tá a fi ń borí ti ń wá. Nínú eré tó kẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni tá a jọ ṣe é pa gbogbo ọmọ ogun ńlá mi tán, ṣùgbọ́n Gretchin mọ́kànlá, tí wọn ò ga ju àtàǹpàkò lọ, sá sẹ́yìn ògiri wíwó lórí àmì kan láti ráńdì kìíní dé ìkarùn-ún, kò yìnbọn sí wọn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ló bá mi borí.

3. Kíkọlu ọ̀tá láti ìńṣì 9 bíi pé ó dájú. Dáìsì méjì lẹ máa jù, iye tó bá jáde ni ìńṣì tẹ́ ẹ lè sáré dé. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 10 péré ló tó 9.

Ẹ kùn ogun yín o, máàkì 10 nìyẹn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún máa fi aago ṣeré nílé, torí wákàtí kan ààbọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú ìdíje, bí tiyín bá tán ní ráńdì kẹta, ìyókù di ti ẹnìkejì.

Ẹni tó bá wà nítòsí, kó gbé ogun tó ti ní nílé wá lọ́jọ́ Sátidé, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ká jókòó ká ṣe é.