Ìròyìn Oògùn Fòníkú-fọ̀ladìde Tó Ń Jà Ràn-ìn: Ohun Tó Jẹ́ Òótọ́, àti Bí Ẹ Ó Ṣe Ṣọ́ Owó Yín

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀, ẹlẹ́ja àti ìdílé ní Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé oògùn tó ń sọ SS (ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde) di AA (ẹni tí kò ní in) ti dé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀; èyí tó kù, àwọn ọlọ́jà ló fi kún un. Òbí tó ti gbé ọmọ dìde lóru lọ sí ọsibítù lè ta ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AA rí roboto, ó sì rọ̀, ó lè fún ara rẹ̀ gba inú iṣan tó tín-ín-rín. Ó ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tó jẹ́ SS kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ti dínkù nínú rẹ̀, hemoglóbìn inú rẹ̀ (ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri) á so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì náà á le, á sì tẹ̀ bíi dòjé. Èyí tó bá há á dínà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 10 sí 20 ni irú sẹ́ẹ̀lì yìí ń lò kó tó kú, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í fi í tó.

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, hemoglóbìn mìíràn ló ń lò, èyí tí kì í so mọ́ra. Lẹ́yìn ìbímọ, jíìnì kan (àṣẹ tí a bí mọ́ ara) tó ń jẹ́ BCL11A á dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ SS fi máa ń dá ṣáṣá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kí hemoglóbìn yẹn tó dínkù. Jíìnì yẹn ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy dojú kọ. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá, fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 12. Wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á gé ibì kan nínú BCL11A, wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, kí wọ́n tó dá àwọn tí wọ́n tún ṣe padà. Oṣù púpọ̀ ló ń gbà. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun inú ìgò, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọ̀kadà gbé e wá bá yín ní Ìgbógbó. Kódà ẹni tí wọ́n ṣe é fún ṣì lè fi S sílẹ̀ fún ọmọ tó bá bí.

Èyí tí ọwọ́ wa tó

Hydroxyurea ni oògùn tí a fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n hemoglóbìn inú oyún yẹn náà ló ń jí dìde. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní Àńgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, fi hàn pé ìrora, ibà àti ikú dínkù láàárín àwọn tó ń lò ó. Ẹ má rà á fúnra yín lọ́jà o. Ìwọ̀n tí ọmọ náà wúwo ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá ọmọ kò gbọ́dọ̀ lò ó láìsọ fún dókítà. Ẹ tún béèrè àyẹ̀wò ọpọlọ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún fún ọmọ SS láti ọdún 2 sí 16. Òun ló ń tú àṣírí rọpárọsẹ̀ kó tó dé.

Nínú iṣẹ́ wa: òtútù àti òǹgbẹ wà lára ohun tó ń ru ìrora náà sókè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ SS wọ inú adágún ẹja láàárọ̀ kùtù, kó má sì wú ẹ̀gẹ́ nínú oòrùn láìsí omi mímu nítòsí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ìdènà ibà tí dókítà kọ àti fólíìkì (oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀), ojoojúmọ́ ni.

Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ bá wú, tó ń ké tí wọ́n bá kàn án, ẹ má fi òróró fà á. Ọsibítù ni. Bákan náà ni ibà líle, ikùn apá òsì tó ṣàdédé wú, tàbí ẹnu tó wọ́.

Ẹ̀yin tó ń fẹ́ra: bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS (ẹni tó ní A kan àti S kan), nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni àyè ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ á jẹ́ SS. Bíbí tí ẹ bí ọ̀kan kò dáàbò bo èyí tó kàn.

Owó inú fóònù

Ẹni tó ń ta oògùn irọ́ kì í fẹ́ kí ẹ wá sí ọ́fíìsì òun. Á ní kí ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, á tún ní kí ẹ ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín. Òun gan-an ló ń wá. Owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn ń wọlé lójú ẹsẹ̀, gbígbà á padà sì ṣòro.

Kóòdù tí ẹ ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Síìmù yín ni báńkì fi ń dá yín mọ̀, píìnì ló sì kù lẹ́yìn rẹ̀. Títì tí ẹ ti ojú fóònù pa kò kan síìmù: olè á yọ ọ́, á fi sínú fóònù tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ báńkì á sì máa wọlé síbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò bá yín fi píìnì sí síìmù fúnra rẹ̀, ní ibi ètò ààbò fóònù. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè píìnì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ síìmù yín o, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì pa.

Bí nẹ́tíwọ́kì bá ṣàdédé lọ lórí fóònù yín, tí ti ará ilé tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ bá àwọn oní-síìmù. Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín sára ògiri lónìí, torí bó bá jẹ́ inú fóònù yẹn nìkan ló wà, kò ní sí níbi tí ẹ ti máa rí i.